Òwò tí Àdá Mọ̀: Ìdìde àti Ìṣubú Ilẹ̀ Ọba Jámánì

Ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Òwò tí àdá bá mọ̀ ní í ká àdá léyín. Ẹni tó bá gbọ́ òwe yìí gbọ́ ìdajì rẹ̀ lè rò pé ó ń kọ́ni ní ọ̀lẹ, pé kí kálukú jókòó sílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àdá tí kò lọ sóko, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́. Ohun tí àwọn àgbà ń wí ni pé ibi tí ọwọ́ ènìyàn bá ti dáńtọ́ jù, ibẹ̀ ni kì í ti fura. Òmùwẹ̀ kì í bẹ̀rù omi, ìdí nìyẹn tó fi ń dé ibú tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò jẹ́ dé. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ láàrin odò, ìmọ̀ rẹ̀ náà ló gbé e débẹ̀.

Ilẹ̀ ọba Jámánì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1871, tí ó sì fọ́ ní 1918, ni òwe náà máa ń mú wá sí mi lọ́kàn. Ogun ló bí i, ogun náà ló pa á, láàrin ọdún 47 péré. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀hún láti 1914 máa ń sọ pé Kaiser kan, ìyẹn ọba Jámánì, tó gbéra ga ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá ìjọba náà sílẹ̀ gan-an ló yẹ ká wò.

Kí 1871 tó dé, kò sí ìjọba kan tó ń jẹ́ Jámánì. Àwọn tó ń sọ èdè Jámánì wà lábẹ́ ọba àti ìjòyè lóríṣiríṣi. Ìjọba 39 ló wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1815 lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Napoleon. Ọ́síríà ni àgbà láàrin wọn, Prussia, tí Berlin jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ló ṣe ìkejì. Ọjà ló kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀: láti 1834 ni Prussia ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú àdéhùn owó ibodè kan ṣoṣo, tí ẹrù oníṣòwò fi ń ti ìlú kan dé òmíràn láìsan owó lójú ọ̀nà. Ní 1848, nígbà tí rògbòdìyàn gba Yúróòpù kan, àwọn aṣojú tí aráàlú dìbò yàn péjọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Frankfurt. Wọ́n jíròrò, wọ́n kọ òfin, wọ́n sì gbé adé gbogbo Jámánì fún ọba Prussia ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọba náà kọ̀ ọ́. Kò fẹ́ adé tó ti ọwọ́ aráàlú wá. Nígbà tí adé ọ̀hún yóò fi tún yọjú, ọwọ́ àwọn ọ̀gágun ló ti wá.

Ní September 1862 ni Wilhelm Kìíní, ọba Prussia, fi Otto von Bismarck ṣe olórí ìjọba. Ìjà owó ló bá nílẹ̀: ọba fẹ́ fi kún ọmọ ogun, ilé aṣòfin kò fọwọ́ sí owó náà. Bismarck sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìnáwó pé kì í ṣe àròyé àti ìbò ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ ńláńlá ìgbà yẹn bí kò ṣe irin àti ẹ̀jẹ̀. Ó sì ń gba owó orí, ó ń ná an sórí ọmọ ogun, fún bí ọdún mẹ́rin láìsí àṣẹ wọn. Ní 1864, òun àti Ọ́síríà jọ gba Schleswig àti Holstein lọ́wọ́ Dẹ́ńmáàkì. Ní 1866, ó yíjú sí Ọ́síríà fúnra rẹ̀. Ọ̀gágun àgbà Helmuth von Moltke fi ọkọ̀ ojú irin kó ọmọ ogun gba ọ̀nà oríṣiríṣi lọ sójú ìjà. Ìbọn Prussia sì yàtọ̀: ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki ọta sí i, jagunjagun lè dùbúlẹ̀ kí ó máa yìn ín, nígbà tí ọmọ ogun Ọ́síríà ní láti dìde dúró kí ó tó lè ki tirẹ̀ láti ẹnu. Ní July 3, 1866, ní Königgrätz, Ọ́síríà fọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ méje, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ní September ọdún yẹn, ilé aṣòfin tó ti ń bá Bismarck fà á dìbò pé àwọn dárí gbogbo owó tó ná láìgbàṣẹ jì í. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ìbò yẹn ló ń dùn mí jù. Àwọn ènìyàn tó mọ òfin, tí wọ́n sì ti fara da ìhàlẹ̀ ọdún mẹ́rin, ni wọ́n dìde dúró láti sọ pé ẹni tó bá ti ṣẹ́gun kò jẹ̀bi mọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn olóṣèlú Jámánì ti mọ̀ pé kò sí gbèsè tí ogun àjàṣẹ́ kò lè san.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́ mọ́ Bismarck, ó mọ ibi tó yẹ kí ogun dúró. Lẹ́yìn Königgrätz, ọba Wilhelm fẹ́ fi ìlù àti fèrè wọ Vienna, kí ó sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Ọ́síríà. Bismarck ní rárá, nítorí ẹni tí a bá dójú tì lónìí, ọ̀tá wa ni yóò bá lọ lọ́la. Inú ilé ńlá kan ní Nikolsburg ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà títí Bismarck fi bú sẹ́kún. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ó ṣe òun bíi kí òun gba ojú fèrèsé bẹ́ sílẹ̀. Ọba gbà níkẹyìn, tìbínú-tìbínú. Prussia kò wọ Vienna. Nígbà tí ogun Faransé sì dé, Ọ́síríà jókòó jẹ́ẹ́, kò gbẹ̀san.

Ogun Faransé ọ̀hún, Bismarck ló dáná sí i. Ní July 1870, ó gé ọ̀rọ̀ inú tẹ́lígíráàmù kan tó ti ìlú Ems wá kúrú, kí ó lè dà bíi pé ọba rẹ̀ àti aṣojú Faransé wọ́ ara wọn nílẹ̀, ó sì gbé e fún àwọn oníwèé ìròyìn. Faransé kéde ogun ní July 19. Ní September 2, Napoleon Kẹta, ọba Faransé, àti ọmọ ogun bí 100,000 bọ́ sọ́wọ́ Jámánì ní Sedan. Wọ́n dó ti Paris. Ní January 18, 1871, tí ebi ń pa àwọn ará Paris lọ́wọ́, inú gbọ̀ngàn onídígí ní ààfin Versailles, ààfin àwọn ọba Faransé, ni wọ́n ti kéde Wilhelm ní Kaiser gbogbo Jámánì. Aṣọ ogun ni wọ́n wọ̀ wá, bàtà gígùn, idà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àsíá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun lẹ́yìn wọn. Kaiser tuntun ń bínú sí Bismarck lórí irú oyè tí wọ́n pè é, ó sì kọjá níwájú rẹ̀ láìbọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyẹn ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ti ìta ló burú: wọ́n gba Alsace àti apá kan Lorraine lọ́wọ́ Faransé, wọ́n sì ní kí ó san bílíọ̀nù márùn-ún fránkì. Bismarck tó sunkún nítorí Ọ́síríà kò sunkún nítorí Faransé.

Òfin ìjọba tuntun náà jẹ́ kí gbogbo ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún 25 dìbò sílé aṣòfin, ohun tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò tí ì ṣe nígbà náà. Síbẹ̀ ilé aṣòfin kò lè yọ olórí ìjọba. Kaiser ló ń yàn án, òun ló ń lé e. Àwọn ọ̀gágun sì ń wọlé tọ Kaiser lọ tààrà. Àṣẹ ogun wá di ti ẹni kan tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè. Bí Bismarck bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà, ó ṣeé fara dà. Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àlàáfíà ló sọ Jámánì di ọlọ́rọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí kò bá ẹnikẹ́ni jagun ní Yúróòpù, àkókò yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn rẹ̀ pọ̀ láti bíi mílíọ̀nù 41 dé mílíọ̀nù 65 ó lé. Ní 1913, irin líle tó ń rọ lọ́dún kan ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 17 lọ, ó ju ìlọ́po méjì ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òògùn, aró aṣọ àti ẹ̀rọ iná mànàmáná rẹ̀ gba ayé kan. Láti 1883 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò owó ìtọ́jú fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣàìsàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni owó arúgbó dé. Èkùrọ́ ilẹ̀ wa náà wà nínú ọrọ̀ yìí: kí ogun tó dé, Hamburg ni èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ tó ń jáde láti Nàìjíríà ń lọ, wọ́n á fún òróró rẹ̀, wọ́n á sì fi èérí rẹ̀ bọ́ màlúù.

Ilẹ̀ Áfíríkà mọ apá kejì ìjọba náà. Ní Berlin, láti November 1884 dé February 1885, ni àwọn aláwọ̀ funfun ti jókòó ṣe òfin bí wọn yóò ṣe máa gba ilẹ̀ wa. Jámánì mú Togo, Kamẹrúùnù, Namibia òde òní àti èyí tó pọ̀ jù nínú Tanzania. Díẹ̀ ló kù kí ilẹ̀ Ìlàjẹ bọ́ sí i: ní 1885, ilé iṣẹ́ Gaiser ti Hamburg, tó ń ṣòwò ní Èkó, gba ilẹ̀ etíkun Mahin lọ́wọ́ Amapetu, ọba ibẹ̀, Jámánì sì na ọwọ́ ààbò lé e kí ó tó yọwọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún kan náà. Àwọn Herero ní Namibia kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde ní 1904, ọ̀gágun Lothar von Trotha lé wọn sínú aṣálẹ̀ Omaheke, ó sì pàṣẹ ní October pé Herero tí wọ́n bá rí, ó gbé ìbọn o, kò gbé ìbọn o, kí wọ́n yìn ín nìbọn. Àwọn Nama náà jẹ nínú ìyà yìí. Ní 2021 ni Jámánì tó gbà pé ìpa-ìran-run ni. Ní Douala, ní Kamẹrúùnù, Rudolf Duala Manga Bell, ọba tó kàwé ní Jámánì, gba ọ̀nà òfin: ó kọ̀wé sí ilé aṣòfin Berlin pé kí wọ́n má gba ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun. Ní August 8, 1914, wọ́n so ó rọ̀, òun àti Ngoso Din, akọ̀wé rẹ̀ tó rán lọ sí Jámánì.

Wilhelm Kejì ti gorí ìtẹ́ ní 1888, ó sì lé Bismarck ní March 1890. Lọ́dún yẹn náà ló jẹ́ kí àdéhùn tó wà láàrin òun àti Rọ́ṣíà kú. Kí 1894 tó parí, Rọ́ṣíà ti di ọ̀rẹ́ Faransé. Láti 1898 ni Wilhelm ń kan ọkọ̀ ogun ojú omi, Gẹ̀ẹ́sì wá bá Faransé rẹ́ ní 1904, ó bá Rọ́ṣíà rẹ́ ní 1907. Àwọn tí Bismarck fi ogún ọdún yà nípá, Wilhelm fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó wọn jọ.

Nígbà tí wọ́n pa àrẹ̀mọ Ọ́síríà ní Sarajevo ní June 28, 1914, Kaiser sọ fún Ọ́síríà pé ohunkóhun tó bá ṣe, Jámánì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní August 1, ìròyìn kan dé tó dà bíi pé Gẹ̀ẹ́sì lè yẹra bí Jámánì kò bá kọlu Faransé. Inú Kaiser dùn. Ó ní kí wọ́n darí gbogbo ọmọ ogun sí Rọ́ṣíà. Olórí àwọn ọ̀gágun, Helmuth von Moltke kejì, ọmọ àbúrò akọni àná, ní kò ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn fi ṣètò wákàtí ọkọ̀ ojú irin ogun náà. Kaiser dá a lóhùn pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ì bá fún òun ní èsì mìíràn. Ìròyìn ọ̀hún kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n sì ṣe bí ìwé ètò ti wí: ní August 4, wọ́n wọ Bẹ́ljíọ̀m, Gẹ̀ẹ́sì sì jáde sógun. Alẹ́ August 1 yẹn sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Kaiser tí kò sí ọba tó lè bi í léèrè, ètò ogun tirẹ̀ ló ń pàṣẹ fún un.

Ètò náà kùnà ní odò Marne ní September. Lẹ́yìn ìyẹn, kòtò àti ẹrẹ̀ ló kù, ó sì di ogun ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tán. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun. Ní 1916, ọ̀dùnkún òyìnbó kò so dáadáa, nígbà tí òtútù fi dé, ará Berlin ń tò lórí ìlà nítorí oríṣi ẹ̀fọ́ oníṣu kan tí wọ́n ń fún ẹran ọ̀sìn jẹ. Wọ́n ń sè é lọ́bẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ búrẹ́dì. Àwọn ọ̀gágun ní kí wọ́n tú ọkọ̀ abẹ́ omi sílẹ̀ kí ó máa ri ọkọ̀ ẹnikẹ́ni láìkìlọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti February 1, 1917. Olórí ìjọba, Bethmann Hollweg, mọ̀ pé yóò fa Amẹ́ríkà wọlé. Wọ́n borí rẹ̀. Amẹ́ríkà wọ ogun ní April 6.

Ní September 29, 1918, Hindenburg àti Ludendorff, àwọn ọ̀gágun tó ń darí ogun náà, sọ fún Kaiser pé kí ó tọrọ ìdáwọ́dúró. Wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí àwọn olóṣèlú wá gba ìjọba, àwọn tí wọ́n ti ń tì sẹ́yìn láti 1862. Àwọn atukọ̀ ogun ní Kiel kọ̀ láti jáde lọ kú lásán. Ní November 9, Kaiser ti bọ́ lórí ìtẹ́, ní ọjọ́ kejì ó sá lọ sí Nẹ́dálándì. Matthias Erzberger, tí kì í ṣe ọmọ ogun, ni wọ́n rán lọ fọwọ́ sí ìdáwọ́dúró náà ní November 11. Ní 1921, wọ́n yìnbọn pa á nítorí rẹ̀. Bíi mílíọ̀nù méjì ọmọ ogun Jámánì ló kú, síbẹ̀ àwọn ọ̀gágun tó kó wọn lọ ń tan irọ́ kálẹ̀ pé àwọn ará ilé ló gún ọmọ ogun lọ́bẹ lẹ́yìn. Irọ́ yẹn ni Hitler fi ṣe oúnjẹ. Ní June 28, 1919, inú gbọ̀ngàn onídígí kan náà ní Versailles ni Jámánì ti fọwọ́ sí àdéhùn tó gba Alsace àti Lorraine àti gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní Áfíríkà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Togo ló kọ́kọ́ bọ́ nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà wọ̀nyẹn. Ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tí à ń pè ní Ana ń gbé, àwọn tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, ni Jámánì kọ́ ilé wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá sí, tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀. Wọn kò tí ì lò ó pẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi dé. Ní òru August 24, 1914, àwọn Jámánì fúnra wọn wó àwọn òpó irin rẹ̀ lulẹ̀, ní August 26 ni Togo túúbá. Lẹ́yìn ogun, àwọn aṣẹ́gun pín ilẹ̀ náà sí méjì, Lomé àti Atakpamé bọ́ sọ́wọ́ Faransé, ẹnikẹ́ni kò sì bi àwọn Ifẹ̀ ibẹ̀ léèrè. Kamẹrúùnù náà rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn ará Duala ṣì ń kọ̀wé ẹ̀sùn lórí ilẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ so Manga Bell rọ̀, Faransé ni wọ́n wá ń fi sùn báyìí.