Iyanrìn àti Ọ̀sà Méjì: Dubai àti Sharjah

Àwọn ìyàwó òrìṣà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Dubai àti Sharjah a máa bi wá léèrè bóyá aṣálẹ̀ ni àwọn ń gbé tàbí etí òkun. Méjèèjì ni. Òkun tí ó wà láàárín ilẹ̀ Lárúbáwá àti Ìráànì kò jìn púpọ̀. Ní ìwọ̀n gbogbo rẹ̀, bíi mítà 35 ni. Nígbà òtútù ńlá ayé àtijọ́, tí omi púpọ̀ di yìnyín, ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀. Nǹkan bí ọdún 6,000 sẹ́yìn ni omi tó gun òkè dé ibi tí ó wà lónìí. Ṣùgbọ́n Olókun ti jókòó síbẹ̀ tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà: ní Mleiha, nínú aṣálẹ̀ Sharjah, ìkarahun ẹran omi wà nínú òkè òkúta, ó ti di òkúta pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sà ni a fẹ́ tẹnu mọ́. Khor ni àwọn Lárúbáwá ń pe omi òkun tí ó ya wọ inú ilẹ̀. Dubai ní tirẹ̀, Sharjah ní tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ọkọ̀ onígi ti ń já ẹrù. Ìgbì a máa wọ́ iyanrìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí omi, a sì máa tò ó jọ sí ẹnu ọ̀sà.

Sharjah kì í ṣe àbúrò Dubai nígbà náà. Ibẹ̀ ni pápá ọkọ̀ òfurufú wà láti 1932. Ibẹ̀ ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé, kí ó tó kó lọ sí Dubai ní 1954. Nígbà tí iyanrìn ń dí ọ̀sà méjèèjì, Sheikh Rashid bin Saeed Al Maktoum, ọba Dubai, yá owó lọ́wọ́ Kuwait, iṣẹ́ wíwa iyanrìn jáde sì bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Ọ̀sà Sharjah dí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì gbé ọjà wọn lọ sí Dubai. Àwọn tí ń sọ pé epo rọ̀bì ni ó kọ́kọ́ gbé Dubai ga kò rò ó dáadáa: ní 1966 ni wọ́n tó rí epo níbẹ̀.

Èkó náà mọ ìyà iyanrìn. Òkìtì rẹ̀ dí ọkọ̀ ńlá lọ́nà ní ẹnu ọ̀sà, títí ìjọba amúnisìn fi to òkúta wọ inú òkun. Ìgbì wá ń jẹ etí òkun Bar Beach.

Ní ìparí ọ̀sà Dubai, ní Ras Al Khor, ẹrẹ̀ àti ilẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní sabkha ṣì wà. Níbẹ̀ ni àwọn ẹyẹ flamingo ti ń jẹ̀, àwọ̀ wọn bí osùn tí a pò mọ́ ẹfun.