Àmì Ohùn àti Ètò Ìkàwé Orí Kọ̀ǹpútà: Àkíyèsí láti Òkè-Odò

Bí a bá tẹ "Oke-Odo" láìfi àmì kankan sí i, kò sí ohun tó ní kí àlejò má pè é ní òkè odó, bí ẹni pé ibi ìgúnyán ni. Àdúgbò wà ní Alímòṣọ́ tó ń jẹ́ Òkè-Odò, tí orúkọ rẹ̀ wọ inú orúkọ ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Agbado/Òkè-Odò tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2003. Àmì ohùn kan péré ló ya odò kúrò lára odó. Nítorí èyí, ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní láti wò lára ètò tí yóò fi ka ìwé lórí kọ̀ǹpútà ni bóyá yóò gbé àmì jáde pé pérépéré. Ẹwà ojú ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní Èkó ní 1875 ni àwọn míṣọ́nnárì ti ṣèpàdé lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Atẹ̀wé ayé ìgbà náà lè rọ lẹ́tà tí kò ní. Kọ̀ǹpútà kò gba irú rẹ̀. ASCII, tí àwọn ìwé ìbẹ̀rẹ̀ Project Gutenberg tí Michael Hart dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1971 gbára lé, kò ní ju ipò 128 lọ, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú wọn. Àwọn kan wá dá ọgbọ́n: wọ́n ya ẹ́ sí ipò lẹ́tà mìíràn nínú fọ́ǹtì àdáṣe. Fáìlì náà dára lórí kọ̀ǹpútà tó ni fọ́ǹtì ọ̀hún. Lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ó di wúruwùru.

Unicode ló tú wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìtúsílẹ̀ náà kò pé. Láti 1993 ni ẹ àti ọ ti ní ipò tiwọn nínú rẹ̀, nítorí pé èdè Vietnam náà ń lò wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwọn, àmì abẹ́ lẹ́tà yìí gan-an ni àmì ohùn, nítorí náà wọn kì í fi òmíràn lé e lórí. Ẹ́ tiwa kò wá ní ipò kan ṣoṣo, àkójọ ni. A lè kọ ọ́ ní ẹ àti àmì òkè, tàbí é àti àmì abẹ́, tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ètò tí kò bá sọ wọ́n di ọ̀kan nígbà ìwákiri yóò ní "ọjọ́" kò sí nínú ìwé tó kún fún ọjọ́, olùwádìí yóò sì kọ irọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ̀. Èyí burú ju àpótí òfìfo tí fọ́ǹtì tí kò ní àmì máa ń fi hàn lọ, torí àpótí kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ní ti àwọn ètò fúnra wọn, Notepad inú Windows máa ń dì fáìlì sí ANSI tẹ́lẹ̀, ẹ a sì di àmì ìbéèrè bí a kò bá yan UTF-8. Ọdún 2019 ni UTF-8 ṣẹ̀ṣẹ̀ di àkọ́yàn rẹ̀. PDF máa ń gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání, nítorí náà àmì kì í sábà bọ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé rẹ̀ kì í na tàbí sún. EPUB máa ń sún. Calibre, tí Kovid Goyal bẹ̀rẹ̀ ní 2006, gbà kí òǹkàwé pààrọ̀ fọ́ǹtì, kí ó fi Charis SIL tàbí Gentium dípò èyí tí kò mọ Yorùbá. Sumatra PDF kéré, ó ń ṣí EPUB náà, a sì lè gbé e sórí fíláàṣì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí bátìrì rẹ̀ kò lágbára.

Ìjọba Èkó ti ń sọ pé òun yóò kó ọjà Computer Village kúrò ní Ìkẹjà lọ sí Katangowa, ní agbègbè Òkè-Odò kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ní Ìkẹjà tàbí níbẹ̀ bí ọjà bá dé, kí ó mú fáìlì kékeré kan dání tí "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta" àti "Ọ̀ọ̀ni" wà nínú rẹ̀, kí ó ṣí i, kí ó sì wá ọ̀rọ̀ méjèèjì kàn kí ó tó sanwó.