Ta Ni Kí A Gbé Adé Rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà Fún?

Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí àríyànjiyàn kan ti wà láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì, àríyànjiyàn tí kò ní adájọ́, tí kò sì ní ọjọ́ ìdájọ́, èyí tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ, tí ó sì ti mú kí ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́ jókòó di àfẹ̀mọ́jú láìmọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú: nínú gbogbo ẹgbẹ́ onírọ́ọ̀kì tí ilẹ̀ wọn bí, èwo ni ó ga jù? Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni èyí kò tíì mọ bí orin ti ń wọ ènìyàn lára tó. Nítorí orin tí a gbọ́ ní ìgbà èwe kì í kúrò lọ́kàn ẹni bọ̀rọ̀, ẹni tí ó bá sì bu orin náà kù, ìgbà èwe ẹni gan-an ni ó bu ẹnu àtẹ́ lù. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Ìran kọ̀ọ̀kan ló ń mú ọba tirẹ̀ wá sí gbangba, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí a tọ ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò kí a tó dá ẹnikẹ́ni láre.

Àwọn ènìyàn dúdú ló ni orísun. Àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n ń kọrin nínú oko òwú àti nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì onípákó ní gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ po lílé pọ̀ mọ́ ègbè, tí wọ́n po àtẹ́wọ́ pọ̀ mọ́ ìró ẹsẹ̀, títí tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn fi gba gìtá oníná mọ́wọ́. Sister Rosetta Tharpe, obìnrin tí ń fi gìtá yin Ọlọ́run lógo, ti ń mi ìlú tìtì kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí a ń pè ní bàbá orin yìí tó gòkè àgbà. Ní 1951 ni ẹgbẹ́ Ike Turner kọ ‘Rocket 88’ sínú àwo ní Memphis, èyí tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà mọ́ àwọn orin rọ́ọ̀kì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Chuck Berry ti St. Louis, Little Richard ti Macon àti Fats Domino ti New Orleans gba ojú agbo. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Mo rán wa létí èyí nítorí pé, nígbà tí àríyànjiyàn bá gbóná tán, orúkọ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ó sábà máa ń kù lẹ́nu àwọn tí ń jiyàn.

Ní àkókò náà, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó máa ń wà lára àwo, àwọn tí ń lùlù tí wọ́n sì ń ta gìtá lẹ́yìn rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lójú aráàlú. Lóòótọ́, Buddy Holly àti àwọn Crickets rẹ̀ ti Lubbock ní Texas ti fi hàn ní 1957 pé àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan lè ṣẹ̀dá orin fúnra wọn kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn lù ú, àwọn ọmọ Wilson mẹ́ta ti Hawthorne ní California sì ti dá Beach Boys sílẹ̀ pẹ̀lú ìbátan wọn kan àti ọ̀rẹ́ wọn kan ní 1961. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Beatles gúnlẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejì ọdún 1964 ni ọ̀rọ̀ di ìdíje. Nǹkan bí mílíọ̀nù 73 ènìyàn ni ó wo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin náà lórí tẹlifíṣọ̀n Ed Sullivan ní alẹ́ ọjọ́ kan. Orin tí ó ti ilé Amẹ́ríkà jáde ni àlejò wá fi gba ọlá mọ́ onílé lọ́wọ́! Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ẹgbẹ́ tí wọn yóò nà síwájú pé tiwa rèé.

Òṣùwọ̀n tí oníkálukú fi ń wọ̀n ọ́n kò dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ ti owó ni, kí a yára gbé adé náà fún Eagles ti Los Angeles, nítorí àkójọ orin wọn tí ó jáde ní 1976 ni àwọn onílé-iṣẹ́ àwo orin kéde ní 2018 pé ó ti pé mílíọ̀nù 38 ní Amẹ́ríkà nìkan. Bí ó bá jẹ́ ti ìforítì ni, Grateful Dead ni, àwọn tí wọ́n ṣeré ní ìgbà tí ó lé ní 2,300 láàárín 1965 àti 1995 tí Jerry Garcia, atagìtá wọn, jáde láyé, tí wọ́n sì gba olùgbọ́ láyè láti máa fi téèpù gba orin wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń dárúkọ The Band, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún wọn jẹ́ ọmọ Kánádà, tàbí Jimi Hendrix Experience, níbi tí ọmọ Seattle kan ti wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì méjì; a kì í sì í fi àlejò jọba ìlú.

Lójú tèmi, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni a ń wá, bí ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí a ṣe dá a lẹ́jọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbé adé lé Beach Boys lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwo wọn Pet Sounds ti 1966 ni Paul McCartney ti Beatles pàápàá kò yéé yìn títí dòní. Brian Wilson ni ó jókòó sí Los Angeles pẹ̀lú àwọn eléré tí ó gbà síṣẹ́, tí ó ń to orin náà bí ọkàn rẹ̀ ti rò ó, nígbà tí àwọn yòókù wà ní ilẹ̀ Japan níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Ìgbà tí wọ́n padà dé ni wọ́n fi ohùn wọn, ohùn tí ó dùn bí oyin, lé ohun tí ó ti ṣe sílẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pọlọ kan ni, iṣẹ́ ńlá sì ni.

Ẹgbẹ́ tí mo ní lọ́kàn ni Sly and the Family Stone, San Francisco ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ìparí 1966. Sylvester Stewart, tí ayé mọ̀ sí Sly Stone, ni a bí ní Texas ní 1943, tí a tọ́ ní Vallejo ní California nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ènìyàn dúdú tí ìlù àti àtẹ́wọ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó wà nígbà tí òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kọ orin ẹ̀mí sínú àwo. Nígbà tí ó dàgbà, ó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ilé rédíò KSOL, níbi tí ó ti máa ń fi àwo Beatles àti ti Bob Dylan há àárín àwo àwọn ènìyàn rẹ̀, láìbìkítà pé ẹnikẹ́ni lè bínú. Bí ó ti ṣe rédíò náà ni ó ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Freddie àbúrò rẹ̀ ń ta gìtá. Rose àbúrò rẹ̀ obìnrin ń tẹ dùùrù. Cynthia Robinson, abẹnu-bí-agogo, ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Larry Graham ń ta gìtá béèsì. Jerry Martini tí ń fọn sasofóònù àti Greg Errico onílù sì jẹ́ aláwọ̀ funfun. Kí ẹni tí ó bá ń ka èyí má ṣe fi ojú kékeré wò ó: 1967 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé òfin tí àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń ka ìgbéyàwó láàárín dúdú àti funfun léèwọ̀. Àwọn obìnrin wọn kò sì dúró lẹ́yìn láti máa gbe ègbè lásán. Ohun èlò wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Larry Graham. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, òun àti ìyá rẹ̀, tí ń kọrin tí ó sì ń tẹ dùùrù, ni wọ́n jọ ń ṣeré káàkiri ilé ọtí, wọn kò sì ní onílù. Kí orin náà má bàa ṣófo, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí fi àtàǹpàkò gbá okùn gìtá tí ó nípọn, kí ó lè ró kìì bí ìlù ńlá tí àwọn òyìnbó ń fi ẹsẹ̀ lù, ó sì ń fi ìka há okùn tín-ín-rín, ó ń fà á sókè, yóò sì ta pàú bí ìlù kékeré. Àìní ló kọ́ ọ. Nígbà tí ó gbé ọgbọ́n náà wọ inú ‘Thank You’, orin ẹgbẹ́ wọn, ní ìparí 1969, ojú àwọn atabéèsì là, kò sì sí ilẹ̀ tí orin ijó òde òní dé lónìí tí àtàǹpàkò náà kò dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ ẹ̀rí, kí ó wo òru ọjọ́ 16 mọ́jú ọjọ́ 17, oṣù Kẹjọ, 1969, nínú oko ẹlẹ́ran kan ní Bethel ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí nǹkan bí ọ̀kẹ́ ogún ènìyàn ti péjọ fún àpèjẹ orin Woodstock. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Santana ti lu orin tí ó yẹ kí Yorùbá fi yangàn, nítorí ‘Jingo’ wọn kò wá láti ibòmíràn bí kò ṣe láti ọ̀dọ̀ Babatunde Olatunji, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Badagry, tí ó gbé àwo Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, Grateful Dead bọ́ sí orí pèpéle. Òjò ti rọ̀, iná mànàmáná ń gbọ̀n wọ́n lọ́wọ́, eré náà sì fọ́ mọ́ wọn lórí, àwọn fúnra wọn kò sì sẹ́. Lẹ́yìn èyí ni Creedence Clearwater Revival dé, ẹgbẹ́ tí ó gbé àwo mẹ́ta jáde ní ọdún kan ṣoṣo náà. Ṣùgbọ́n oorun ti gbé agbo lọ, John Fogerty, olórí wọn, sì bínú débi pé kò jẹ́ kí wọ́n fi eré wọn sínú sinimá tí wọ́n ṣe nípa àpèjẹ náà. Nígbà tí ó tó nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, Sly àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde pẹ̀lú aṣọ tí ń dán gbinrin. Ó lé, ó ní kí wọ́n gbè, wọn kò kọ́kọ́ dáhùn dáadáa. Ó tún lé, ó ń rọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Vallejo ti ń rọ ìjọ, títí tí àwọn tí ó ti sùn nínú ẹrẹ̀ fi dìde, tí wọ́n gbé ọwọ́ sókè, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà ọ̀fun sì ń dá a lóhùn nínú òkùnkùn. Oko kan náà ni, agbo kan náà ni, òru kan náà ni.

Ọ̀nà wọn kò gún dé òpin. Ilé tí ó tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Oògùn olóró sì ni ọmọ àlè ilé yìí. Sly bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ kí àwọn olùgbọ́ dúró títí láìyọjú sí wọn, Errico fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1971, Graham tẹ̀lé e ní 1972, nígbà tí yóò sì fi di 1975 ilé ti tú. Síbẹ̀ nínú wàhálà náà ni There’s a Riot Goin’ On ti jáde ní 1971, àwo tí ó ṣókùnkùn, tí ẹ̀rọ ń lùlù nínú rẹ̀ kí ó tó di àṣà, tí ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Herbie Hancock fi orúkọ Sly sọ orin kan nínú àwo rẹ̀ Head Hunters ní 1973. Prince kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Red Hot Chili Peppers tún orin rẹ̀ kọ ní 1985.

Àwọn kan yóò ní kì í ṣe rọ́ọ̀kì, pé orin ijó àwọn ènìyàn dúdú ni. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi orin ta ni Chuck Berry ń kọ. Bí a bá ti ọmọ onílé síta nítorí pé ó jọ bàbá rẹ̀ jù, ìdájọ́ wo ni a dá yẹn?

Ní 1993 ni wọ́n gba Sly and the Family Stone wọ Rock and Roll Hall of Fame, ní alẹ́ kan náà tí wọ́n gba Creedence. Sly kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Brian Wilson sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 11, ẹni ọdún 82 ni àwọn méjèèjì. Mo ṣe ìdárò àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n adé kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀, Sly and the Family Stone ni mo sì gbé e fún. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó wá àwo Stand! ti 1969, kí ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó tó wá bá mi jiyàn.