Ta Ló Ń Tọ́jú Géèmù Tá A Gbá?

Láti Fìdítì dé Ìlọrà, ṣọ́ọ̀bù géèmù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ di páàdì mú. PS2 ni ẹ̀rọ, Winning Eleven ni bọ́ọ̀lù. Ọdún 2000 ni Sony gbé PS2 jáde ní Japan. Nígbà tí 2013 fi máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró.

Ìyẹn ló jẹ́ kí emulator wúlò: ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà sín ẹ̀rọ géèmù jẹ. PCSX2, tó ń sín PS2 jẹ, jáde ní 2002. Iṣẹ́ ńlá ni, torí PS2 ní ju ọpọlọ kan lọ, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ jọ rìn. Géèmù kan lè ṣiṣẹ́, kí òmíràn má ṣí rárá. Àwọn èèyàn bá ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀: èyí kò ṣí, èyí kò kọjá ojú àkọ́kọ́, èyí ṣeé gbá dópin. Wọ́n tún ń wo bó ṣe ń yá sí. Nínú ẹ̀dà Japan, nǹkan bí àwòrán 60 ló yẹ kó kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá gbé 30 péré, Okocha á máa wọ́ bí ìgbín.

Àwo tiwa wá ń kọ́? Ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n ti yí orúkọ agbábọ́ọ̀lù padà, la sábà máa ń gbá. Ẹ̀dà ilé-iṣẹ́ làkọsílẹ̀ yẹn wà fún. Bí tiwa bá họ tán, ó parí nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní i nílé, ẹ dà á sí kọ̀ǹpútà, ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀.