Melvin Lindsey àti Ìjì tí Kò Pariwo

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá ń pe rédíò. Orúkọ náà bá a mu, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí kì í gbọ́ ohun tí ẹni tó jókòó tì í ń wí. Síbẹ̀, ní ìlú Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, láti ọdún 1976, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lórí afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ lóru bí ẹni pé ènìyàn kan ṣoṣo ló jókòó níwájú rẹ̀. Melvin Lindsey ni orúkọ rẹ̀.

Kò tíì di òṣìṣẹ́ gidi nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Howard ni, tó ń kọ́ṣẹ́ ní WHUR, ilé-iṣẹ́ rédíò yunifásítì ọ̀hún. Ẹni tó yẹ kó tọ́kùn ètò kò yọjú, ni wọ́n bá ní kí Lindsey àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Jack Shuler, dí àlàfo náà. Orin tí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ kì í ṣe orin ijó tó gbòde nígbà náà. Orin ìfẹ́ tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni, èyí tí àwọn olórin aláwọ̀ dúdú ti ń kọ bọ̀ láti bí ogún ọdún sẹ́yìn. Lindsey kò pariwo, kò da àwàdà bolẹ̀, kò sì sáré ọ̀rọ̀ bí ti àwọn atọ́kùn ọ̀sán. Bí orin kan bá ń parí lọ, òmíràn yóò ti máa wọlé bọ̀.

Cathy Hughes, tó jẹ́ ọ̀gá WHUR lásìkò náà, ni etí rẹ̀ kọ́kọ́ là sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó fún àwọn ọmọ náà ní ètò tiwọn, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ wá láti inú àwo orin tí Smokey Robinson gbé jáde ní ọdún 1975, A Quiet Storm. Orin tó jẹ́ orúkọ àwo náà ni wọ́n fi ń ṣí ètò. Fún ọmọ Yorùbá, àdììtú ni orúkọ yìí: ìjì ti Ọya ni, ìjì a sì máa fa igi tu, a máa ká òrùlé kúrò lórí ilé. Báwo ni ìjì yóò ṣe dákẹ́? Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ gan-an ni Robinson ń fi ṣe àpèjúwe, ohun tó lè gbo ènìyàn jìgìjìgì láìjẹ́ pé aládùúgbò gbọ́.

Kí ni ó wá dé tí ìlú Washington fi gba irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ́ra? Ní oṣù Kẹrin ọdún 1968 tí wọ́n pa Martin Luther King ní Memphis, iná sọ ní Washington. Òpópónà Kẹrìnlá, òpópónà U, òpópónà Keje àti òpópónà H jó, àwọn ibòmíràn níbẹ̀ sì wà ní ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 1970, nínú ọgọ́rùn-ún olùgbé ìlú náà, nǹkan bí 71 ni aláwọ̀ dúdú. Ọdún 1973 ni ìjọba àpapọ̀ tó gbà kí ìlú náà yan olórí tirẹ̀. Walter Washington sì di olórí ìlú tí ará ìlú fi ìbò yàn ní ọdún 1975. Howard, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1867, ti kọ́ àwọn agbẹjọ́rò, dókítà àti olùkọ́ ìran náà. Ọdún 1971 ni ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Washington Post fi rédíò tó di WHUR ta yunifásítì náà lọ́rẹ. Ìran kan ti dìde tó ní iṣẹ́ ìjọba, tó ní ilé, tó sì ń fẹ́ ohùn tó jọ tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn mọ́rí.

FM náà kópa nínú rẹ̀. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ni àwọn rédíò AM fẹ́, kí àyè lè gba ìpolówó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1969, Isaac Hayes ti gbé àwo Hot Buttered Soul jáde, tí orin mẹ́rin péré wà lórí rẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì gùn ju ìṣẹ́jú méjìdínlógún lọ. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò rí ibùsùn lọ́sàn-án. Òru ló bá a lára mu. Howard fúnra rẹ̀ sì ti bí lára àwọn ohùn náà, nítorí ibẹ̀ ni Roberta Flack àti Donny Hathaway ti kọ́ ẹ̀kọ́ orin kí wọ́n tó jọ gbé àwo jáde ní ọdún 1972.

Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn rédíò aláwọ̀ dúdú káàkiri Amẹ́ríkà ti ní ìjì tiwọn. KBLX ní agbègbè San Francisco sọ ọ́ di ti tọ̀sán-tòru ní ọdún 1979. Ní New York, Vaughn Harper, tó kú ní ọdún 2016, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí ètò ti WBLS láti ọdún 1983. Àwọn olórin pàápàá rí ọjà òru náà: Luther Vandross àti Anita Baker kì bá tí rí irú àyè tí wọ́n rí bí kò bá sí i.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé. Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Helen Fọláṣadé Adú ní ọdún 1959, bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì dàgbà sí. Nígbà tí àwo rẹ̀ Diamond Life jáde ní ọdún 1984, tó sì kọjá sí Amẹ́ríkà, ètò òru ni ó ti rí ilé tí kò kúrò mọ́. Sade ni wọ́n ń pè é. Mélòó nínú àwọn atọ́kùn náà ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nípa adé ni ó wà lẹ́nu wọn?

Àwọn onímọ̀ kan ti bá ètò yìí wí. Wọ́n ní orin asunrun ni, pé ó kọ ẹ̀yìn sí òṣèlú nígbà tí oògùn olóró ń ba àdúgbò jẹ́, tí ìpànìyàn ní Washington sì lé ní 470 ní ọdún 1991 nìkan. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Marvin Gaye, ọmọ Washington, kọ orin nípa ogun àti ìṣẹ́ ní ọdún 1971, ó kọ ti ìfẹ́ ní ọdún 1973. Ti ìfẹ́ ló bá òru lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dá ẹjọ́ yìí gbàgbé ohun kan. Àwọn baba ńlá àwọn olùgbọ́ yìí wà lóko ẹrú níbi tí òfin kò ti ka ìgbéyàwó wọn sí, tí olówó wọn lè ta ọkọ kúrò lọ́dọ̀ aya. Kí irú ìran bẹ́ẹ̀ gba wákàtí mẹ́rin lálaalẹ́ láti sọ pé àwọn náà mọ ìfẹ́, kì í ṣe oorun rárá.

Lindsey fi WHUR sílẹ̀ ní ọdún 1985, ó lọ sí WKYS ní ìlú kan náà, ó sì tún ṣiṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù Kẹta ọdún 1992, àrùn kògbóògùn Éèdì pa á. Ọmọ ọdún 36 ni. Oṣù mélòó kan péré ni ó ti kọjá tí Magic Johnson, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, jẹ́wọ́ ní gbangba pé kòkòrò àrùn náà wà lára òun, tí ọ̀pọ̀ ilé tí kì í dárúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. WHUR kò pa ètò náà rẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹlòmíràn á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á sì bẹ̀rẹ̀.