Ta Ló Ni Ìgbẹ́ Màlúù? Ìtàn Gáàsì Ìdáná ní Ilẹ̀ Íńdíà

Bí a bá fi ọ̀pá ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ àbàtà, afẹ́fẹ́ kan a máa hó jáde láti inú omi. Ó pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń rí i, ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ọdún 1776 ni Alessandro Volta, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gbé ìgò lọ sí adágún Maggiore, tí ó gba afẹ́fẹ́ náà sínú rẹ̀, tí ó sì fi iná sí i. Ó gbiná. Afẹ́fẹ́ yìí ni a wá mọ̀ sí mẹ́téènì. Ibi tí ó ti wá kò ṣòroó mọ̀: ewé, koríko àti ohun ẹlẹ́mìí tí ó ti kú ni ó jẹrà nínú ẹrẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí ni pé jíjẹrà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ohun tí ó bá jẹrà ní gbangba, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kì í mú gáàsì tí ń jó wá. Ṣùgbọ́n bí a bá sé e mọ́ inú kòtò tí afẹ́fẹ́ òde kò lè wọ̀, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan yóò sọ ọ́ di omi kíkan, àwọn mìíràn, tí afẹ́fẹ́ òde jẹ́ májèlé fún, yóò sì sọ omi kíkan náà di gáàsì. Nǹkan bí ìpín 60 nínú 100 gáàsì yìí ni mẹ́téènì. Irú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí síta ni ó pọ̀ jù nínú ìyókù.

Ní Íńdíà, gobar gas ni wọ́n ń pè é. Èdè Híndì ni gobar. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìgbẹ́ màlúù lọ, orúkọ náà kò sì ti ẹnikẹ́ni lójú. Láti ayébáyé ni àwọn obìnrin abúlé ilẹ̀ náà ti ń fi ọwọ́ po ìgbẹ́ màlúù mọ́ koríko, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kí oòrùn lè gbẹ ẹ́, kí wọ́n tó fi dáná. Àdánù méjì ni ó wà nínú àṣà yìí. Èéfín rẹ̀ ń ba ojú àti àyà àwọn obìnrin jẹ́ nínú ilé ìdáná. Ajílẹ̀ tí ó yẹ kí ó padà sí oko sì ti jóná di eérú. Ìdí nìyí tí gáàsì fi fa àwọn ọ̀mọ̀wé mọ́ra: kòtò kan náà yóò mú iná wá, ẹrẹ̀ tí ó bá sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ yóò tún jẹ́ ajílẹ̀ tí ó dára.

Ilé ìtọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ ní Matunga, ní ìlú Bombay, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Ní ọdún 1897, wọ́n fi gáàsì tí ó ti inú kòtò ìgbẹ́ ènìyàn jáde tan àtùpà níbẹ̀. Àwọn tí ará ìlú ń sá fún ni iná náà kọ́kọ́ tàn fún. Lẹ́yìn èyí, ó di ọdún 1939 kí S. V. Desai tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìgbẹ́ màlúù. Nígbà tí ó di 1951, Jashbhai Patel gbé kòtò kan jáde tí wọ́n fi bíríkì mọ, tí wọ́n da àgbá irin ńlá dé lórí. Bí gáàsì bá ti ń pọ̀, àgbá náà a máa gòkè. Bí wọ́n bá ti ń lò ó, a máa sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo rẹ̀ ni ó sì ń ti gáàsì gba inú páìpù lọ sí ilé ìdáná. Ìyàwó ilé tí ó bá yọjú wo àgbá náà yóò mọ iye iná tí ó kù. Ọgbọ́n tí ó mọ́ tónítóní ni. Àjọ Khadi and Village Industries Commission gba ètò yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àbùkù rẹ̀ ni pé irin wọ́n, a sì máa dógùn-ún. Nítorí náà, ní ọdún 1978, ní Ajitmal ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, wọ́n wo àpẹẹrẹ ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n sì ṣe kòtò Janata, tí kò ní àgbá irin rárá. Ní 1984 ni Deenbandhu tún dé, tí owó rẹ̀ kéré sí i.

Janata túmọ̀ sí àwọn ará ìlú. Deenbandhu sì ni ọ̀rẹ́ tálákà. Orúkọ rere ni méjèèjì, ṣùgbọ́n orúkọ kò ra màlúù. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tàbí mẹ́fà tí yóò fi gáàsì se gbogbo oúnjẹ rẹ̀ nílò nǹkan bí 50 kílò ìgbẹ́ lójúmọ́, èyí tí í ṣe ti màlúù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Tálákà wo ni ó ní ìyẹn? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, ìgbẹ́ tí màlúù bá sọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ti ẹni tí ó bá ṣà á ni. Àwọn obìnrin tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ẹran ọ̀sìn, òun ni wọ́n ń ṣà kiri láti fi dáná. Bí kòtò gáàsì bá ti dé ẹ̀yìnkùlé olówó, ìgbẹ́ di ohun ìní, ẹni tí ó ni màlúù kò sì ní jẹ́ kí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Iná ẹnì kan tàn, ti aládùúgbò rẹ̀ sì kú. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ń ka iye kòtò tí ìjọba ti gbẹ́ ni ó rántí ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ẹgbẹ́ olùwádìí ASTRA, tí a dá sílẹ̀ ní 1974 ní Indian Institute of Science, Bangalore, tí Amulya Reddy jẹ́ aṣáájú rẹ̀, gbìyànjú láti yanjú ọ̀ràn náà ní abúlé Pura, ní ìpínlẹ̀ Karnataka. Kòtò gbogbo abúlé ni wọ́n gbẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan. Èrò wọn àkọ́kọ́ ni pé kí gbogbo ilé fi gáàsì rẹ̀ dáná. Ìgbẹ́ kò tó; ètò náà forí ṣánpọ́n. Ohun tí ó jẹ àwọn ará abúlé lógún jù ni omi mímu tí ó mọ́. Nítorí náà, ní ọdún 1987, wọ́n darí gáàsì náà sí ẹ̀rọ tí ń jó epo dísù, kí ó lè dín epo náà kù. Nígbà náà, ẹ̀rọ yìí ń fa omi láti inú kànga jíjìn, ó sì ń tan iná mànàmáná sínú ilé. Ẹni tí ó bá gbé ìgbẹ́ wá, obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ń gba paise méjì lórí kílò kan nígbà náà, ajílẹ̀ sì ń padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni màlúù. Ilé tí kò ní màlúù kan ṣoṣo náà rí omi ẹ̀rọ bù, ó sì rí iná tàn. Ní ti oúnjẹ sísè, igi ni wọ́n ṣì ń kó sí ààrò ní Pura nígbà náà.