Ewé Doyi àti Agbára Antioxidant Rẹ̀: Àyẹ̀wò Láti Àgbègbè Sokodé

Ní Togo, láti Sokodé dé Tchamba, títí kan Kambolé àti Bago, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti iṣu kì í ṣàjèjì lóko. Ẹ̀wà kékeré kan wà tí kò lókìkí tó wọn. Harms, onímọ̀ ewéko ní Berlin, kọ ìwé lé e lórí ní 1908, ó sì pè é ní Kerstingiella geocarpa. Orúkọ Kersting ló fi sọ ọ́, dókítà ará Jámánì tó ń ṣàkóso ẹkùn Sokodé nígbà ìjọba amúnisìn. Ní 1977, Maréchal àti Baudet yí i padà sí Macrotyloma geocarpum. Àwọn àgbẹ̀ tó ti ń gbìn ín tipẹ́ kò sí nínú orúkọ kankan.

Ní Benin, láàárín Abomey, Bohicon àti Savalou, doyi ni wọ́n ń pè é, funfun rẹ̀ sì wọ́n lọ́jà. Ó ń rá pálá lórí ilẹ̀, ewé rẹ̀ pín sí mẹ́ta-mẹ́ta, òdòdó rẹ̀ á sì ti èso bọ inú ilẹ̀. Ọkọ́ ni a fi ń hú u jáde, iṣẹ́ náà sì ń gba àsìkò. Hóró ni gbogbo ojú ń wò. Ewé a sábà di oúnjẹ ẹran. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olùwádìí ṣe ṣe é: hóró ni wọ́n kọ nípa rẹ̀ jù.

Kí ni ewé lè ní? Antioxidant ni èròjà tó ń dènà ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn ń fà nínú ara. Fenólì àti flavonoid wà lára wọn. Láti wọn agbára wọn, a máa ń da oje ewé sínú DPPH, omi aláwọ̀ àlùkò. Bí oje náà bá lágbára, àwọ̀ àlùkò á ṣá, yóò sì di pupa rúsúrúsú; ẹ̀rọ ń ka ìyípadà náà ní ìgbì ìmọ́lẹ̀ 517 nm. Fítámìn C ni a sábà máa ń fi wé oje náà. Ìdánwò FRAP, tí Benzie àti Strain gbé jáde ní 1996, ń wo bí oje náà ṣe ń yí irin padà.

Ibi tí mo ti ń jà nìyí: methanol ni ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí fi ń yọ oje ewé, májèlé sì ni. Ta ló ń fi í sebẹ̀? Omi gbígbóná ni ìyá wa fi ń se ẹ̀fọ́, iná sì ń ba fítámìn C jẹ́, àwọn èròjà mìíràn á sì jò sínú omi tí a dànù. Àbájáde tó bá ti methanol wá kò sọ ohun tí ẹni tó bá jẹ ewé náà nínú ọbẹ̀ gbà sára. Bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ tó ṣá nínú ìgò kì í ṣe ìwòsàn; kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ ta ewé náà bí oògùn àtọ̀gbẹ.

Ìṣọ́ra mìíràn tún wà: ewé ló ń bọ́ hóró. Ẹni tó bá já a púpọ̀ kí ó tó gbó, ìkórè rẹ̀ á dínkù.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn olùwádìí Yunifásítì Kara àti Lomé: ẹ kó ewé doyi funfun, dúdú àti pupa jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní àgbègbè Tchamba, ẹ fi omi sè é bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́ nílé, kí ẹ sì yẹ ewé àti omi rẹ̀ wò. Ẹ pe àwọn àgbẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.